Ìgò Pẹpamíǹtì Tó Gbiná ní Mamobi

Ibi tí Àáfà Mùktárù ti fẹ́ da aṣọ borí, kó lè fa ooru pẹpamíǹtì símú nítorí ọ̀fìnkìn, ni iná ti bú gbàmù lójú rẹ̀.

Kì í ṣe pé Àáfà kò mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé sí Accra, tí eruku bá dí i nímú, bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: abọ́ omi gbígbóná kan, òróró pẹpamíǹtì ẹ̀kán mẹ́ta, aṣọ borí, kó máa mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, abọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò eléèédú nínú yàrá tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì. Ó kán ẹ̀kán kìíní, ó kán èkejì. Kó tó kán ẹ̀kẹta, iná ti fò láti orí èédú wá sórí abọ́. Ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ ẹní. Iná jó irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì jó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, gbogbo àdúgbò Mamobi ti gbọ́ pé òróró Fàsílátù, obìnrin tó ń sè é tà níbẹ̀, ti jó Àáfà. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, àwọn kan ti fa pátákó ṣọ́ọ̀bù Fàsílátù ya, wọ́n ń pariwo pé kí Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀, máa lọ sílé rẹ̀. Ọlọ́pàá dé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, wọ́n sì kó obìnrin náà lọ.

"Hájíà, mo mọ̀ pé ẹ máa wá," Inspẹ́kítọ̀ Kwabena sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"O mọ̀, o ò sì gbé àga sílẹ̀ dè mí."

Kwabena dìde wéré, ó fa àga jáde. Ìsìlàmíyátù Adéjàre ṣe ọlọ́pàá fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, òun gan-an ló sì kọ́ Kwabena bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Ní báyìí, ó ní yàrá kan lókè ilé àwọn tó ń ta fáànù ní ọjà Okaishie, ibẹ̀ ni àwọn tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú ti ń wá a. Mamobi ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, wà lára àwọn tí ìjọba fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dún 1969 pé kí wọ́n kúrò ní Ghana. Bàbá náà lọ, ó tún padà wá. Láti kékeré ni Ìsìlàmíyátù ti kórìíra ọ̀rọ̀ "máa lọ sílé" yẹn.

"Ta ló sọ fún ọ pé Fàsílátù ló ṣe é?" ó bi í lédè Twi.

Kwabena ti ìgò kan síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ìgò náà kò ju àtàǹpàkò lọ, òróró tó kù nínú rẹ̀ kò sì dé ìdajì. "Orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, Hájíà. Òróró Fàsílà, Pẹpamíǹtì Orí Òkè. Ó tún kọ ọjọ́ tó sè é sí i: ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá. Kí lẹ tún fẹ́?"

"Mo fẹ́ rí òun fúnra rẹ̀."

Wọ́n mú Fàsílátù wá. Obìnrin tó lé díẹ̀ lógójì ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìborí rẹ̀ ti rún nítorí orí ilẹ̀ tó sùn. Síbẹ̀, ó nàró bí ẹni pé òun ló ni àgọ́ ọlọ́pàá náà. Ó kúnlẹ̀ kí Ìsìlàmíyátù, ó dìde, kò kí Kwabena.

"Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún un," Kwabena sọ. "Pé ó ṣe àṣìṣe nígbà tó ń sè é. Kó fọwọ́ sí i, ilé rẹ̀ ló máa sùn lónìí."

"N kò ṣe àṣìṣe kankan," Fàsílátù fèsì. "N kò sì ní fọwọ́ sí irọ́. Ẹ fi mí síbí títí irun orí mi á fi funfun."

Ìsìlàmíyátù wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ti rí àwọn tó ń gbójú torí pé wọ́n jẹ̀bi, ó sì ti rí àwọn tó ń gbójú torí pé ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọwọ́ wọn ni ẹnì kan ń bà jẹ́. Ohùn méjèèjì kì í jọra.

"Sọ bó o ṣe ń ṣe é fún mi. Má fo ohunkóhun."

"Ẹ̀gbọ́n, ewé náà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Wọ́n ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oríṣi míǹtì méjì ti gun ara wọn, ó ti lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún ọdún, òun ni èyí fi jáde. Kì í so irúgbìn tó ń hù. Ẹ̀ka rẹ̀ la máa ń gé gbìn. Kí ọkọ mi tó kú, ẹ̀ka mẹ́ta péré ló gbà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń tọ́jú ọgbà. Oòrùn ìsàlẹ̀ yìí pa méjì. Mo gbé ẹyọ kan tó kù gun òkè Aburi lọ, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, mo sì ń bomi rin ín bí ẹni ń tọ́ ọmọ. Gbogbo oko mi, ara ẹ̀ka kan ṣoṣo yẹn ló ti jáde."

"Sísè rẹ̀ ńkọ́?"

"Tí mo bá gé ewé, màá sá a síbòji fún ọjọ́ kan. Màá kó o sínú ìkòkò ńlá, omi á máa hó nísàlẹ̀, ooru á máa gba àárín ewé kọjá. Ooru yẹn ló ń gbé òróró jáde. Ó ń gba inú páìpù bàbà lọ, páìpù náà ń gba inú dírọ́ọ̀mù omi tútù kọjá, ibẹ̀ ni ooru ti ń padà di omi. Òróró á léfòó sókè, màá rọra bù ú. Àpò ewé mẹ́ta, òróró rẹ̀ kì í kún ife tíì kan." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo sì ti wẹ̀."

Ìsìlàmíyátù gbọ́ ọ, ó mọ́ tónítóní, ó sì tutù símú. "Kí lo máa ń sọ fún àwọn tó ń rà á?"

"Pé kí wọ́n pò ó mọ́ òrí kí wọ́n tó fi pa ẹ̀bátí tí orí bá ń fọ́ wọn, torí ó le jù fún awọ ara. Pé kí wọ́n kán an sómi gbígbóná fún ọ̀fìnkìn. Pé kí wọ́n rin ín sówùú, kí wọ́n fi há ihò tí eku ń gbà wọlé. Pé wọn ò gbọdọ̀ fi kan imú ọmọ ọwọ́ láé, ó lè sé ọmọ léèémí. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń sọ kí wọ́n tó kúrò níwájú mi."

"Irú ìdérí wo lo máa ń fi sí ìgò rẹ?"

"Onírin ni. Rọ́bà kò lè bá a gbé, á wú, á máa lẹ̀."

Ìsìlàmíyátù yí ojú padà sórí tábìlì. Ìdérí onírọ́bà, irú èyí tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú, ló wà lórí ìgò Àáfà. Ó fi ìka méjì tẹ rọ́bà náà. Ó ti wú, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn níka.

"Kwabena, mú ọ̀kan wá nínú àwọn tí ẹ kó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mú bébà funfun dání."

Ìdérí irin ló wà lórí èyí tí wọ́n mú wá. Ìsìlàmíyátù kán ẹ̀kán kan nínú ìkọ̀ọ̀kan sórí bébà, ó gbé bébà náà sábẹ́ fáànù, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Wọn kò dúró pẹ́. Ẹ̀kán ti ìgò Àáfà kọ́kọ́ gbẹ, òórùn tó jáde lára rẹ̀ sì jọ ti ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Nígbà tí Kwabena tẹ̀ síwájú, ó rí ohun funfun tín-ín-tìn-ìn-tín bí abẹ́rẹ́ lórí bébà níbi tí òróró wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kán ti Fàsílátù ṣì wà ní tútù, òórùn ewé ló ń jáde lára rẹ̀.

"Mẹ́ńtọ́ọ̀lù nìyẹn," Ìsìlàmíyátù sọ. "Irú èyí tí àwọn tó ń po ìpara máa ń rà ní Okaishie. Ẹnì kan yọ́ ọ sínú tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, ó sì pè é ní òróró. Tínà ló gbiná. Òróró tòótọ́ kì í sáré gba iná báyẹn."

Ojú Kwabena tàn. "Tínà! Ei, Hájíà, ẹ ti bá mi parí ẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń kun ọkọ̀ ní Abossey Okai. Tínà ló ń fọwọ́ mú láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n jọ ń ṣe é ni!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù hàn lójú Fàsílátù.

Inú bí Ìsìlàmíyátù, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé okùn yẹn lé wọn lọ́wọ́. "Fún mi ní òní yìí nìkan," ó sọ. "Tí mo bá padà wá lọ́wọ́ òfo, kí o máa ṣe èyí tó wù ọ́."

"Títí aago mẹ́rin, Hájíà."

Abossey Okai kò ní àyè tí ẹsẹ̀ méjì lè jọ gbà. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, táyà, gbogbo rẹ̀ ló kún ojú ọ̀nà. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan tí wọ́n ń kùn ní pupa ni Ìsìlàmíyátù ti bá Súràjùdéènì, àbúrò ọkọ Fàsílátù. Ó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Gbogbo Mamobi mọ̀ pé látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ló ti ń bá Fàsílátù jà, pé ti ìdílé ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

"Ìyá wa, mo mọ ohun tí ẹ bá wá," ó sọ, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ohun tí mo sọ lẹ́yìn rẹ̀."

"Tínà ló jó Àáfà."

Ọwọ́ Súràjùdéènì dúró. "Àáfà Mùktárù ló kọ́ mi ní alífù. Ẹ ṣì lè wá bá mi síbí pé mo dáná sun ún?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bi ọ́. Ìwọ lo po òróró yẹn àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi kọ́! Ta ni kò ní tínà ní Abossey Okai? Ẹ na ọwọ́ sí ibikíbi, ẹ máa kan gálọ́ọ̀nù kan."

Òótọ́ ló sọ. Ìsìlàmíyátù wo yíká, ó ka gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ láìyí orí. Tínà nìkan kò lè mú ẹnikẹ́ni. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú àpò, níbi tó da ohun tó wà lára ìgò kọ sí.

"Ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá. Kí lo rántí nípa ọjọ́ náà?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Ó wà lára ìgò pé ọjọ́ náà ni Fàsílátù sè é."

Súràjùdéènì wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dùn. "Ó sè é nínú kí ni? Ìkòkò rẹ̀ wà níbí nígbà yẹn!" Ó nàka sí abẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. "Páìpù bàbà rẹ̀ ló ń jò. Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ló gbé e wá, kò rí i gbà títí di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, torí mi ò tètè rí bàbà tó tó o. Ẹ dúró."

Ó fi ìka tó ní ọ̀dà lára wá inú fóònù rẹ̀. Ìkòkò náà hàn nínú àwòrán mẹ́fà, wọ́n ti tú u palẹ̀, páìpù rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ bí ìfun. Ọjọ́ wà lókè àwòrán kọ̀ọ̀kan. Èkẹta jẹ́ ti ọjọ́ kejìlá.

"O ń bá a jà, o sì ń tún ìkòkò rẹ̀ ṣe?" Ìsìlàmíyátù béèrè.

"Inú ló ń bí mi sí i, ìyá wa. N kò ní kí ìkòkò rẹ̀ máa jò."

Ìsìlàmíyátù jókòó sórí táyà kan, ariwo ọjà ń lọ lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ Súràjùdéènì ló po ayédèrú yìí, kò ní kọ ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ìkòkò sí i. Tó bá jẹ́ Fàsílátù ni, kò ní fi rọ́bà dé e, kò sì ní gbàgbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi jókòó láìsí iṣẹ́. Ẹni tó ṣe é ní orúkọ Fàsílátù lọ́wọ́, ó mọ irú ìwé tó ń lẹ̀ mọ́ ìgò, àmọ́ kò gun òkè náà rí. Ẹni tó ń tà á ni. Kì í ṣe ẹni tó ń sè é.

"Fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí mi," ó sọ, ó dìde. "Kó o sì pa ṣọ́ọ̀bù dé tí ọlọ́pàá bá débí ṣáájú aago mẹ́rin."

"N kò ní pa nǹkan kan dé," Súràjùdéènì sọ. "Ibí ni wọ́n máa bá mi."

Ní ilé ìwòsàn, báńdéèjì bo ọwọ́ Àáfà Mùktárù àti ìdajì ojú rẹ̀. Àfíìfà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ṣíbí fún un lómi.

"Àáfà, ẹ kú ìnira. Mi ò ní pẹ́. Ta ló ra òróró náà?"

"Èmi ni, Hájíà," Àfíìfà dáhùn. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Ọjọ́ Sátidé. Àǹtí Fàsílà ti lọ sóko lórí òkè, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Mo wá rà á lọ́wọ́ Màdáàmù Phoebe ní Okaishie, torí òun náà máa ń tà á. Ká ní mo ti dúró di ọjọ́ Ajé..."

"Yé sọ bẹ́ẹ̀," bàbá rẹ̀ dá a lẹ́kun. Ohùn rẹ̀ ha. "Hájíà, nígbà tí mo ṣí i, mo fi kan ọwọ́ mi. Ti Fàsílà máa ń tutù bíi yìnyín. Ìyẹn ta mí. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Imú mi ló dí."

"Wọ́n ti fa pátákó rẹ̀ ya ní Mamobi."

Àáfà gbìyànjú láti dìde jókòó. Àfíìfà fẹ́ dá a padà, ó kọ̀. "Ní orúkọ ta ni? Ní orúkọ mi? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò rán wọn. Èmi ni iná jó. Tí ẹnì kan bá fẹ́ bínú, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná, kó tó bá mi gbà á. Wọn ò ní fi ojú mi lé obìnrin yẹn kúrò ní Mamobi, kí ojú mi tó san."

Ìsìlàmíyátù ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Wọ́n á gbọ́, Àáfà. Ẹnu yín gan-an ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Ó pe Kwabena lórí fóònù láti inú tórotóro, ọkọ̀ èrò tó gbé e lọ sí Okaishie. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Kwabena wo àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mò ń bọ̀."

Ìpara, ọṣẹ àti lọ́fínńdà ló kún ṣọ́ọ̀bù Phoebe dé òrùlé. Obìnrin náà sanra, ó múra dáadáa, orin ìjọ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rédíò rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ó sì ti lo ogún ọdún ní Accra.

"Màmá Ìsìlà! Ẹ káàbọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí Fàsílà ṣe? Ó dùn mí gan-an ni. Àwa tí a jọ wá láti ilé, ó bà wá lórúkọ jẹ́."

"Mo gbọ́," Ìsìlàmíyátù sọ. Kwabena dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ilé, ó ń wo ọṣẹ bí ẹni tó fẹ́ rajà. "O ṣì ní òróró rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù."

Pákó ìsàlẹ̀ ló nàka sí. Ìgò ló tò síbẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, onírọ́bà ni gbogbo wọn. Ìsìlàmíyátù fi ojú ka ìlà kan, ó fi ìlà mọ́ ìlà, ó sì dúró nígbà tó kọjá ọgọ́rùn-ún mẹ́rin. Ó rántí ife tíì kan. Àpò mẹ́ta fún ife kan. Gbogbo ewé tó wà lórí òkè yẹn, kódà kí Fàsílátù fá a kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò lè kún pákó yìí.

"Fàsílátù fúnra rẹ̀ ló kó wọn wá?"

"Òun ni o. Ó máa ń gbé e wá lọ́jọ́ kejì tó bá sè é tán."

"Pẹ̀lú rọ́bà yìí?"

"Àwọn oníbàárà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un, ó sì gbà."

Ìsìlàmíyátù mú ìgò kan, ó wo ìwé ara rẹ̀. "Èyí tí Àáfà rà, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ló wà lára rẹ̀. Ó wà lára èyí náà. Ó ní láti jẹ́ pé ọjọ́ kẹtàlá ló gbé wọn wá nígbà yẹn."

"Ọjọ́ kẹtàlá gan-an! Ọjọ́bọ̀ ni. Mo rántí, torí a ní ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn ló dúró sí. Ó ní òun kò tíì sinmi látìgbà tí òun ti sè é tán."

"Ó dá ọ lójú?"

"Màmá, mo lè búra."

"Má búra." Ìsìlàmíyátù gbé fóònù rẹ̀ sí i lójú. "Ìkòkò rẹ̀ rèé lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n ti tú u palẹ̀ ní Abossey Okai. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Fàsílátù kò se ewé kankan lọ́jọ́ náà, Phoebe. Kò sí ohun tí ì bá gbé wá fún ọ. Ìwọ lo mú ọjọ́ láti inú orí ara rẹ, o kọ ọ́ sára ìgò, o sì ti wá sọ ọ̀rọ̀ tó bá a mu báyìí, lójú Inspẹ́kítọ̀."

Phoebe yíjú wo ọkùnrin tó ń wo ọṣẹ. Kwabena ti yọ káàdì rẹ̀.

"Kí ló wà lẹ́yìn aṣọ tó o ta sí ẹnu ọ̀nà yẹn, Màdáàmù?"

Kwabena ká aṣọ náà sókè. Gálọ́ọ̀nù tínà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, agolo mẹ́ńtọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ti bù dé ìdajì, páálí rọ́bà, àti bébà gbọọrọ tí orúkọ Fàsílátù wà lórí rẹ̀ lọ́nà ogójì, tí wọn kò tíì gé. Ààyè ọjọ́ ṣófo lára gbogbo wọn.

Phoebe jókòó sórí àpótí kan. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò sọkún. "Mo bẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ọdún méjì ni mo fi bẹ Fàsílà pé kó máa bu nǹkan mìíràn mọ́ ọn, kó lè pọ̀. Àwọn èèyàn ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní ohun tí ewé bá fún òun lòun máa tà. Ìgbéraga ni! Mo wá ṣe tèmi. Orí ni wọ́n ń fi pa. Ta ló sọ fún Àáfà pé kó gbé e súnmọ́ iná?"

"Ìgò náà sọ fún un," Ìsìlàmíyátù dáhùn. "Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Orúkọ yẹn lo jí, kì í ṣe òróró."

Ohùn Phoebe yí padà, ó rọ̀. Ó wá yí sí èdè Yorùbá, kí Kwabena má baà gbọ́ ọ. "Màmá, ẹ ronú sí i. Àlejò ni gbogbo wa níbí. Alata á wá fi Alata lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ nílẹ̀ onílẹ̀? Kí la máa sọ nílé?"

"Nílé wo?" Ìsìlàmíyátù bi í. Kò pariwo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró. "Mamobi ni ilé mi. Wọ́n lé bàbá mi kúrò níbẹ̀, ó padà wá, ibẹ̀ la sì sin ín sí. Àáfà tí iná jó, ará ilé mi ni. Obìnrin tí wọ́n fa pátákó rẹ̀ ya, tó sun orí ilẹ̀ nítorí rẹ, ará ilé mi ni. Nígbà tí wọ́n ń pariwo pé kí Alata máa lọ, inú ṣọ́ọ̀bù yìí lo jókòó sí, o mọ òótọ́, o yí rédíò sókè. Má fi èdè wa bò mí lójú. Dìde."

Ó dìde.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ìròyìn ti ṣáájú wọn débẹ̀. Èèyàn bí ọgọ́ta ló kún iwájú àgọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Mamobi. Àwọn kan gbọ́ pé wọ́n ti mú Phoebe, àwọn kan kò tíì gbọ́, wọ́n ṣì ń bínú.

Kwabena fúnra rẹ̀ ló ṣí ìlẹ̀kùn fún Fàsílátù. Ó fa ìwé tó ti kọ jáde nínú fáìlì, ó ya á sí méjì, kò rí ibi tó máa wò. "Mo kù gììrì sí i," ó sọ. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn wà. Mo máa gbé yín délé nínú ọkọ̀ mi. Kò sí ẹni tó máa rí yín."

"Kí ló dé tí wọn ò fi ní rí mi?" Fàsílátù béèrè.

"Èrò pọ̀ níta. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn."

"Èmi mọ ohun tó wà lọ́kàn mi." Fàsílátù tún ìborí rẹ̀ wé, ó nà án gún, ó so ó le. "Ọ̀sán gangan ni ẹ mú mi. Gbogbo àdúgbò ló rí i. Tí mo bá gba ẹ̀yìn jáde lónìí, wọ́n á máa sọ títí ayé pé ẹ ṣàánú mi ni. Inspẹ́kítọ̀, ẹ ṣí iwájú. Kí ẹ sì ṣáájú mi, kí ẹ fi ẹnu yín sọ fún wọn."

Kwabena wo Ìsìlàmíyátù, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Má wò mí," Ìsìlàmíyátù sọ. "Òun ló bá ọ sọ̀rọ̀."

Kwabena jáde sórí àtẹ̀gùn. Ó sọ ọ́ ní Twi, ó tún un sọ ní Hausa kí gbogbo wọn lè gbọ́: pé ayédèrú ni òróró tó jó Àáfà, pé ẹni tó ṣe é ti wà lọ́wọ́, pé Fàsílátù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé òun ló ṣi í mú. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ṣòro fún un láti sọ, àmọ́ ó sọ ọ́. Ìsìlàmíyátù pe Àfíìfà ní ilé ìwòsàn, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ohùn Àáfà Mùktárù sì jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ha, ó ń wú ikọ́, ó ń béèrè ẹni tó rán wọn ní orúkọ òun.

Àwọn kan wo ilẹ̀. Fàsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò yára, kò sì fà. Wọ́n yà fún un.

Ọkùnrin aránṣọ kan tó ń gbé lójú ọ̀nà rẹ̀ ní Mamobi, ọ̀kan nínú àwọn tó fa pátákó náà ya lọ́jọ́ Ajé, dúró níwájú rẹ̀ láìmọ ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe. "Àǹtí Fàsílà," ó sọ, "ṣé ẹ ṣì máa tà á fún wa?"

Fàsílátù wo ojú rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi gbé ojú kúrò.

"Ọ̀la ni mò ń gun òkè lọ," ó ní. "Ewé ti tó gé, ọyẹ́ sì ti ń gbẹ ẹ́. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, kó o wá. Ojú ọ̀nà kan náà ni n ó wà. Kó o sì mú ẹnu tó o fi ní kí Alata máa lọ sílé wá, torí mo fẹ́ gbọ́ bí o ṣe máa fi kí mi."

Ó kọjá láàárín wọn, ó ń lọ sí ìdíkọ̀ tórotóro Mamobi, Ìsìlàmíyátù sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.